Ìgò Tí Kò Lórúkọ: Ìtàn Ìdí Ẹmu àti Ògógóró ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìlú tó bá ti dàgbà náà gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀yìn. Ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ọtí kan wà ní ìsàlẹ̀ àpáta tí ilé olódi àtijọ́ ìlú náà wà lórí rẹ̀. Orúkọ ilé ọtí náà ni Ye Olde Trip to Jerusalem. Wọ́n kọ ọdún 1189 gàdàgbà sára ògiri rẹ̀. Àwọn tó yẹ ilé náà wò dáadáa sọ pé èyí tó dàgbà jù nínú ohun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún 1650 lọ. Síbẹ̀, àwọn àlejò ń ti ìlú òkèèrè wá jókòó nínú ihò àpáta rẹ̀, wọ́n á mu ife ọtí kan, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á sì gòkè lọ wo ilé olódi. Ọtí àti ìtàn ti di ohun kan náà fún wọn.

Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ sí Òkìtìpupa lónìí, tó sì ní ká mú òun lọ síbi tí àwọn baba wa ti ń mu ọtí láyé àtijọ́, níbo la ó mú un lọ? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ìdí àròkọ yìí. Èmi fúnra mi kò mu ọtí, ọjọ́ orí mi kò sì tó o. Ìtàn ni mo ń wá. Ohun tí mo rí ni pé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ibi ìmutí tó ní ìtàn bíi ti àwọn ará Nottingham. Ṣùgbọ́n òfin kọ orúkọ àwọn ọlọ́tí tiwọn sínú ìwé, ó sì lé àwọn ọlọ́tí tiwa wọ inú igbó. Mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí pé ìyàtọ̀ kékeré yìí ti gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe nílé ara wọn. Ní ọdún 1552, nígbà ayé Ọba Edward Kẹfà, ìjọba wọn ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ la ilé ọtí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ àdúgbò rẹ̀, kí ó sì ní àwọn tí yóò ṣe onídùúró fún un. Láti ìgbà náà ni orúkọ àwọn ọlọ́tí ti ń wọ inú ìwé ìjọba. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òpìtàn ń tú wò lónìí kí wọ́n tó lè sọ ẹni tó ta ọtí ní òpópónà báyìí ní ọdún báyìí.

Kì í ṣe pé àwọn náà kò ṣìnà rí. Ní bí 300 ọdún sẹ́yìn, jíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìlú Lọ́ńdọ̀nù jẹ́. Ní 1736, ìjọba gbé owó ìwé àṣẹ láti ta jíìnì lọ sí 50 pọ́n-ùn lọ́dún, owó tí mẹ̀kúnnù kò lè san láyé. Kàkà kí ọtí náà dínkù, ìkọ̀kọ̀ ló wọ̀. Àwọn ènìyàn ń ta á lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń lu àwọn tó ń tú wọn fó fún ìjọba ní ìgboro. Nígbà tó di 1743, wọ́n fagi lé òfin náà. Ní 1751 wọ́n ṣe òmíràn tó fún àwọn tó ní ilé ọtí gidi láyè láti tà á, tí ojú ìjọba sì wà lára wọn. Lẹ́yìn èyí ni mímu jíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ yìí sápò, nítorí a ó nílò rẹ̀ níwájú.

Ní ti ilẹ̀ Ìkálẹ̀, igbó àti àbàtà ni. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀pẹ ló pọ̀. Nínú àbàtà tó lọ títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ àti etí òkun, igi ògùrọ̀ ló jọba. Inú igi méjèèjì la ti ń dá ẹmu. Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ, á gé ibi tí òdòdó rẹ̀ ti fẹ́ yọ, á sì so agbè mọ́ ọn kí ẹmu máa kán sínú rẹ̀. Igi ògùrọ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kú. Ìgbà tó bá ń múra àtitanná ni wọ́n ń dá a. Ẹmu tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ máa ń dùn bí omi ìrèké. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń hó. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti rí ìdí tí a kò fi ní ilé ọtí olókùúta. Ọtí ọkà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pọn ṣeé fi pamọ́ sínú àgbá nínú ilé tútù, nítorí náà ilé náà gbọ́dọ̀ lágbára. Ẹmu kò ṣeé fi pamọ́. Ibi tí igi wà ni ọtí wà, ibi tí ọtí wà ni àwọn ènìyàn á sì péjọ sí. Bí igi ibẹ̀ bá gbẹ, ẹlẹ́mu á kó lọ síbòmíràn. Imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé ògùrọ̀ ni òrùlé, ọparun ni àga. Láàárín ọdún díẹ̀, òjò àti ikán á ti jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá ń wá ògiri tí a kọ ọdún sí lára kò lè rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ohun tó ń dúró pẹ́ ni ìlànà ìdí ẹmu. Àwọn àgbà ló ń jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà ààlà oko, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ìyàwó lọ ara wọn. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ló ń bu ẹmu fún àwọn yòókù. Wọ́n á kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Ẹni tó gbé ẹmu wá náà á sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo ènìyàn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé kò sí ohun búburú kankan nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àṣà yìí. Ojú ẹlẹ́mu ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò mọ ẹni tó dá ẹmu, wọ́n mọ igi tó ti dá a, wọ́n sì mọ ilé rẹ̀.

Ọtí líle ni tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi láti Jámánì àti Họ́láǹdì kó jíìnì dé etíkun wa nínú ìgò onígun mẹ́rin. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso níhìn-ín rí èrè ńlá níbẹ̀. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ọtí tó nǹkan bí ìdajì owó tó ń wọlé fún ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson pariwo títí pé ọtí yìí ń ba àwọn ènìyàn jẹ́. Ní 1909, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà burú tó bí àwọn oníwàásù ṣe sọ. Ìgò onígun mẹ́rin ń wọlé lọ, owó sì ń wọ àpò ìjọba.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé. Àdéhùn náà ka jíìnì pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá tà fún àwọn adúláwọ̀ léèwọ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Ó tún ka síse ọtí líle léèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n jíìnì tí wọ́n kà sí ojúlówó ṣì ń wọlé, ó sì ń san owó ibodè gọbọi. Ìtumọ̀ èyí ni pé adúláwọ̀ lè ra ọtí líle òyìnbó bó bá lówó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ se tirẹ̀.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dẹnu kọlẹ̀. Owó epo pupa àti èkùrọ́ já wálẹ̀, ẹ̀ka owó tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa gbójú lé. Jíìnì òkè òkun sì ti wọ́n jù fún wọn. Ìgbà yìí gan-an ni síse ògógóró gbilẹ̀ ní àwọn agbègbè odò ní Gúúsù Nàìjíríà. Bákan náà ló rí ní ilẹ̀ Ghana, níbi tí wọ́n ti ń pe irú ọtí yìí ní akpeteshie. Ẹmu ògùrọ̀ tí ì bá kan kó sì di ìdànù wá di ohun tó ṣeé fi pamọ́ sínú ìgò fún ọdún púpọ̀, tó sì ṣeé kó lọ tà lọ́nà jíjìn. Ìjọba fún un lórúkọ: ọtí tí kò bófin mu. Ọlọ́pàá ń wọ inú àbàtà lọ fọ́ àgbá ìsetí, wọ́n sì ń kó àwọn tó ni í lọ sílé ẹjọ́.

Lákòókò ìsinmi kan, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí ẹbu tí wọ́n ti ń se ògógóró. Iná igi ń jó lábẹ́ àgbá onírin kan tí ẹmu kíkan wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ lẹ ẹnu àgbá náà pa kí ooru má baà jáde. Páìpù kan ti orí àgbá náà gba inú ọpọ́n gígùn kan kọjá. Omi tútù ló kún inú ọpọ́n náà. Bí ooru bá ti dé inú páìpù tó wà lábẹ́ omi, á di omi, á sì máa kán tó, tó, tó sínú ìgò ní òdìkejì. Ohun tí olùkọ́ kẹ́mísírì wa ń yà sójú pátákó fún wa ni mo rí lójúkojú. Bàbá tó ni ẹbu náà kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tí iná pọ̀ jù àti ìgbà tí omi ti lọ́wọ́ọ́rọ́ jù.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bi wọ́n pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò kọ orúkọ yín sára ìgò?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ní ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ohun tí ọlọ́pàá ń wá? Bàbá tèmi se é títí wọ́n fi kú, kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn síbì kankan.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Òmìnira dé ní 1960, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn òyìnbó fi ń wo ògógóró kò bá wọn lọ. Ẹ wo ìwé ẹrù ìyàwó ní ọ̀pọ̀ ilé wa. Ẹ ó rí i pé sìnáàpù tí wọ́n pọn ní Họ́láǹdì ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọtí àṣà ìbílẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń ta ohun mímu sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Ọtí tí ọwọ́ ọmọ Ìkálẹ̀ àti ọmọ Ìlàjẹ sè láti inú igi ilẹ̀ wa wá di ohun tí a ń fi ọ̀rá dúdú gbé. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nǹkan ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níhìn-ín. Àwọn ènìyàn ń sọ pé orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, wọn kò ríran mọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Àwọn tó kú lé ní 15. Ìbẹ̀rùbojo gba ìlú kan. Àwọn kan ní àrùn Ebola ló padà dé. Àwọn kan ní oògùn apakòkòrò ni. Àwọn kan ní wọ́n ba ojúbọ òrìṣà jẹ́, òrìṣà náà ló ń bínú. Nígbà tí àwọn elétò ìlera ṣe àyẹ̀wò, wọ́n rí i pé methanol ló wà nínú ògógóró tí àwọn ènìyàn náà mu.

Methanol àti ethanol jọ ara wọn bí ìbejì. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, imú pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ethanol ni ọtí tí à ń mu. Methanol jẹ́ ohun tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ ńláńlá; bó bá wọ ara, á di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́, tó sì ń pa ènìyàn. Kò pẹ́ tí irú ikú bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 kan náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ se ògógóró tàbí kí ó tà á mọ́.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ tí a fi sápò jáde. Ní ìdí ẹmu àtijọ́, ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Òfin 1919 àti àwọn tó tẹ̀lé e lé ẹni náà wọ inú igbó. Láti ìgbà náà, ọtí ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó sè é bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà, láti ọwọ́ alágbàtà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó tó dé ẹnu ẹni tó mu ún. Ẹnikẹ́ni lè da ohunkóhun sí i lójú ọ̀nà. Nígbà tí ikú dé, ìgò náà kò lórúkọ tí a lè fi tọpasẹ̀ rẹ̀ padà. Ìfòfindè ọdún 2015 sì tún pa àṣìṣe ọdún 1736 dé. Títí di òní, wọ́n ń ta ògógóró ní ibùdókọ̀ àti ní ọjà wa, ìgò rẹ̀ kò sì tíì ní orúkọ.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò yẹ kó máa gbèjà ọtí. Òótọ́ ni pé ọtí àmujù ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó ń tú ilé ká, ó sì ń sọ àwọn ọlọ́kadà sínú kòtò ní ojú ọ̀nà wa. Èmi náà mọ ilé tí ọtí ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kọ́ wa pé èèwọ̀ tí kò ní àbójútó kì í gba ọtí lọ́wọ́ ọ̀mùtí. Orúkọ àti ojú ẹni tó sè é nìkan ló ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ikú Òde-Ìrèlè má ṣẹlẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ kí a mọ ẹni tó se ọtí, kí a sì lè yẹ ọtí rẹ̀ wò.

Ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà. Lẹ́yìn òmìnira wọn, àwọn ará Ghana gbà kí síse akpeteshie bófin mu. Nílé wa níhìn-ín, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí à ń pè ní NIFOR, lẹ́bàá Benin, ti mọ bí a ti ń fi ẹmu sínú ìgò kó má kàn. Fásitì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà ní Òkìtìpupa, ó sì ní yàrá àyẹ̀wò. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fún àwọn tó ń se ọtí ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń yẹ ọtí wọn wò, tí olúkúlùkù sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò, àṣà ìtọ́wò àtijọ́ ló padà wá yẹn.

Nígbà náà, bí àlejò bá dé, a ó mọ ibi tí a ó mú un lọ. A ó mú un wọ inú àbàtà lọ wo bí adẹ́mu ṣe ń gun ògùrọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. A ó mú un dé ẹbu kó lè rí bí ooru ṣe ń di omi. A ó mú un jókòó sórí àga ọparun, kí àwọn àgbà sọ ìtàn ọdún tí ọlọ́pàá fọ́ àgbá fún un. A ó mú un dé Ìgbòkọ̀dá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kó rí omi tí ọkọ̀ ọtí gbà kọjá. Bó bá ṣì lágbára, Òkè Ìdànrè kò jìnnà púpọ̀, kó lọ gun àtẹ̀gùn ibẹ̀. A ó sì mú un dé Òde-Ìrèlè, kí òun náà lè mọ ohun tí ìgò tí kò lórúkọ ṣe fún wa.

Àwọn ará Nottingham kọ 1189 sára ògiri tí kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ayé sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwa kò nílò láti fi kún ọjọ́ orí ohunkóhun. Ìdí ẹmu wa ti wà kí òyìnbó tó dé. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn rẹ̀ ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ń dínkù. Kí àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mú ìwé àti bírò lọ bá wọn, kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ká kọ orúkọ àwọn baba wọn náà. Láti ibẹ̀ ni ìgò yóò ti ní orúkọ.